Ìdérí kílọ́ọ̀ṣì tó kọ̀ tí kò dán

Ohun tó wà nílẹ̀ ni ìdérí kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù àtijọ́ kan, alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dì, tí ẹni tó ni ín gbé sẹ́nu ẹ̀rọ pọ́líìṣì nínú ilé ara rẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Tí èèyàn bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ìdérí náà ń kọ mànà. Tó bá gbé e sábẹ́ iná, àléébù mẹ́rin ló máa rí. Etí rẹ̀ lókè, níbi tó wọnú díẹ̀, ṣú, bẹ́ẹ̀ ni àárín rẹ̀ tó yọ síta ń dán. Ihò bọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ti hu ìrù, gbogbo ìrù náà sì dorí kọ ọ̀nà kan. Ibi tó tẹ́jú jù ti rí ṣágiṣàgi bí èèpo ọsàn. Àwọn ìlà dúdú kan sì wà tí àkísà ń nù tí wọn kò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ìda yìí ni kò dáa," ni àbúrò tó ni ín wí. "Ẹ dákun, èwo ni kí n rà?"

Ìda tó ń wí ni èyí tí wọ́n ń fi kan kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ pọ́líìṣì. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ìda tuntun lè wò. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pọ́líìṣì nílé, ìda ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bú, bẹ́ẹ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí yóò kà á ni kò sí.

Ohun tó fi ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ orí tábìlì rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ pọ́líìṣì láti ìbẹ̀rẹ̀. Gíráńdà ni. Ó tú òkúta kan kúrò lápá ọ̀tún, ó fi kẹ̀kẹ́ òwú dípò rẹ̀. Ó fi òkúta kejì sílẹ̀ lápá òsì, nítorí ó ṣì ń fi pọ́n nǹkan. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀rọ náà pé ó ń yí po ní ìgbà 2,850 ní ìṣẹ́jú kan. Bí mọ́tò irú rẹ̀ ṣe máa ń yí nìyẹn níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ 50 Hz. Níbi tó bá jẹ́ 60 Hz, ó máa ń tó nǹkan bíi 3,450. Kẹ̀kẹ́ òwú náà fẹ̀ tó 150 mm nígbà tó rà á. Ó ti jẹ kù sí nǹkan bíi 100 mm.

Sáńpépà 120 ló kọ́kọ́ fi ha ìdérí náà (bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe kéré ni yanrìn rẹ̀ ṣe tóbi). Láti ibẹ̀ ó fò sí 400, láti 400 ó gbé e lọ sẹ́nu kẹ̀kẹ́. Ìda kan ṣoṣo ló ní, aláwọ̀ ewé, òun ló sì fi ṣe ohun gbogbo: ibi ìgbẹ́sẹ̀lé tó jẹ́ irin gidi, ọwọ́ búréèkì, àti ìdérí yìí. Ìdérí mágínẹ́ẹ̀tò (ohun tó ń pèsè iná fún ẹ́ńjìnnì), ìdìmú fọ́ọ̀kì iwájú àti ìdérí kékeré kan láti orí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nínú páálí, wọ́n ń retí kó kàn wọ́n.

Kí wọ́n tó kàn, mo ní kó bá mi wá mítà iná.

Ohun tó bo irin

Mítà lásán tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò ni. A yí i sí ibi tó ti máa ń dún tí iná bá rí ọ̀nà kọjá. A gbé ẹnu rẹ̀ méjèèjì lé àárín ìdérí, níbi tó ń dán: ó dún. A gbé e lé etí òkè tó ṣú: ó dákẹ́. A tún un ṣe ní àwọn ibòmíràn lẹ́bàá etí náà, ó dákẹ́ síbẹ̀. Alumíníọ̀mù tó wà ní ìhòòhò máa ń jẹ́ kí iná kọjá, fáníìṣì kì í jẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé fáníìṣì aláìláwọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi kun ìdérí náà ṣì wà ní etí. Ti àárín ni bàtà ẹni tó ń gùn ún ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ha kúrò, sáńpépà sì mú ìyókù lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò rántí pé ẹnu mítà mú. Tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, yóò gún fáníìṣì náà lu, mítà yóò sì dún níbi tí kò yẹ kó dún. Fífi kàn án wẹ́rẹ́ ti tó.

Gbogbo agbára tí àbúrò fi ti etí yẹn mọ́ kẹ̀kẹ́, orí fáníìṣì ló lọ. Òwú kì í bó fáníìṣì. Ooru rẹ̀ ló ń mú un rọ̀, kẹ̀kẹ́ á wá máa fà á kiri, á pò mọ́ ìda, á sì di àwọ̀ eérú tó ṣú yẹn. Èèyàn lè wà lẹ́nu rẹ̀ di ọ̀la.

A fi mítà kan náà kan ìdìmú fọ́ọ̀kì. Ó dákẹ́ yíká, lókè nílẹ̀. Mo fi oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà kán ibi kọ́lọ́fín kan lára rẹ̀, mo dúró, mo nù ún: kò sí ohun tó wú, kò sí ohun tó bó. Èyí kì í ṣe fáníìṣì. Wọ́n ti anodize rẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé wọ́n rì í sínú ásíìdì, wọ́n sì fi iná mànàmáná mú kí awọ ọ́síìdì tó máa ń wà lára alumíníọ̀mù nípọn ju ti àdánidá lọ. Ọ́síìdì alumíníọ̀mù yìí kan náà ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ sáńpépà, ẹ wá wo ohun tí òwú àti ìda fẹ́ fi ṣe.

"Wọ́n ní kọ́sítíìkì sódà máa ń jẹ ẹ́ kúrò," ni àbúrò sọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì tó jẹ awọ náà tán kò ní dúró níbẹ̀, alumíníọ̀mù abẹ́ rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, yóò sì máa tú háídrójìn sínú afẹ́fẹ́, gáàsì tí iná kékeré lè ràn. Tó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ojú. Bí ohun náà bá tún jẹ́ èyí tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dì, sílíkọ́nì inú rẹ̀ kì í yọ́ sínú kọ́sítíìkì, yóò kù sójú irin bí ẹ̀gbin dúdú. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ lò ó, ìta gbangba ni kó ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbòjú, kó sì máa bu sódà sínú omi díẹ̀díẹ̀, kó má ṣe da omi lé sódà lórí. Èmi ní kó fi ìdìmú fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Òun ló gbé iwájú alùpùpù dúró, mi ò rí ìdí tí wọ́n fi máa jẹ lára rẹ̀ nítorí dídán. Kò sí ẹni tó sọ pé gbogbo ohun tó wà lára alùpùpù gbọ́dọ̀ dán, tí ó bá sì jẹ́ pé tèmi ni, ohun tó ṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó dán ló máa ń wù mí jù.

Ìdérí kékeré orí ẹ́ńjìnnì ló dá ẹ̀rù bà mí. Mo gbé e, ó fúyẹ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Màgínẹ́ẹ̀tì kò mú un, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í sì í mú alumíníọ̀mù, nítorí náà ìyẹn kò sọ nǹkan kan. A fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà inú rẹ̀ níbi tí ojú kò tó, títí irin fi yọ. A kán fínígà ẹyọ kan sí i. Ó hó. A kán òmíràn sí inú ìdérí kílọ́ọ̀ṣì, kò ṣe nǹkan kan. Magnesíọ̀mù ni ìdérí kékeré náà. Sẹ̀ńtímítà oníhà mẹ́ta kan magnesíọ̀mù wọn nǹkan bíi gíráàmù 1.7, ti alumíníọ̀mù jẹ́ 2.7, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi mọ̀ kí fínígà tó sọ ọ́.

Eruku magnesíọ̀mù máa ń gbiná, iná rẹ̀ funfun, ó gbóná ju ohun tí ọ̀pọ̀ wa ti rí rí, tí wọ́n bá sì da omi sí i, ó ń burú sí i ni, nítorí irin náà yóò fa ọ́síjìn inú omi mọ́ra, yóò sì tú háídrójìn sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ òwú tí ìda àti ọ̀rá ti mu dé inú kì í ṣe ibi tí irú eruku bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà. Ìdérí náà jáde kúrò nínú páálí lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ojú ìdérí ń sọ

Ẹ jẹ́ ká padà sí ti kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìrù ẹ̀gbẹ́ ihò bọ́ọ̀tù: bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí, òwú rẹ̀ ń bọ́ sínú ihò, ó ń gbá etí ihò náà bó ṣe ń jáde, ó sì ń gbẹ́ ẹ lọ síwájú. Tí èèyàn bá ń yí irin lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, òwú kò ní gba ọ̀nà kan ṣoṣo jáde, ìrù kò sì ní rí àyè hù. Nítorí pé gbogbo ìrù yẹn dorí kọ ọ̀nà kan, mo mọ̀ pé ọ̀nà kan ló gbà mú ìdérí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín: ibẹ̀ nìkan ló rọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láti dì mú.

Àwọn ìrù kéékèèké kan tún wà tí kò sí ihò bọ́ọ̀tù lẹ́bàá wọn. Ìyẹn yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń da alumíníọ̀mù yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dì, afẹ́fẹ́ a máa há sínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ lóde, tó kọ́kọ́ dì, máa ń ki. Abẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ihò tín-ín-tín máa ń wà. Sáńpépà 120 ti gé ojú tó ki yẹn lulẹ̀, ó sì ṣí àwọn ihò náà síta. Ẹni tó bá ní kí òun ha wọ́n tán, yóò tún ṣí àwọn mìíràn nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi í fẹ́ rí 120 lára ohun tí wọ́n dà, àfi tó bá lù, tó ní àpá jíjìn, tí kò sí ọgbọ́n mìíràn.

Ojú tó rí ṣágiṣàgi wá láti inú ooru. Níbi yìí, ẹ fi sùúrù bá mi ṣírò díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ ní 150 mm, tó ń yí ní 2,850, etí rẹ̀ ń sáré nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà jẹ kù sí 100 mm, mọ́tò ṣì ń yí bó ṣe ń yí, ṣùgbọ́n eré etí kẹ̀kẹ́ ti já sí mítà 15. Ìdá kan nínú mẹ́ta eré náà ti lọ, ẹni tó ń lò ó kò sì rí i, nítorí ohùn mọ́tò kò yí padà. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀rọ kò jẹun mọ́. Ó wá ń tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni irin ń gbóná, alumíníọ̀mù sì jẹ́ irin tó tètè ń rọ̀, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ dípò kó máa gé. Ó sọ fún mi pé ìdérí náà gbóná débi pé aṣọ ni òun fi ń dì í mú. Ibi tó yẹ kó dúró nìyẹn. Ohun tí ọwọ́ lásán kò lè gbé mọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ kó tutù, kí ẹ mú òmíràn.

Ìlà dúdú ńkọ́? Ìda ni, ó ti pọ̀ jù, ó sì ti jóná mọ́ irin. Ìda pọ́líìṣì jẹ́ ìyẹ̀fun líle tí wọ́n fi ọ̀rá àti ìda pò. Tí a bá fi kan kẹ̀kẹ́ tó ń yí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti tó, a ó tún fi kàn án láìpẹ́. Àbúrò ń tẹ̀ ẹ́ títí kẹ̀kẹ́ fi di dúdú tó ń dán, tó le gbagidi. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gé nǹkan, ọ̀rá ló ń fi kun irin. Wọ́n máa ń fi eyín bíléèdì ayùn irin tó ti kú ha á nígbà tó bá ń yí, títí òwú tó mọ́ yóò fi yọ. Òun kò ha á rí. Ibẹ̀ náà ni ó sì ti ṣe ibi ìgbẹ́sẹ̀lé onírin, kó tó fi alumíníọ̀mù lé e: ẹ̀rún irin líle tó kù sínú òwú ń fa ìlà sára irin tó rọ̀. Kẹ̀kẹ́ kan, ìda kan, irin kan. Mi ò mọ ọ̀nà tí èèyàn fi lè yí ìyẹn po.

Ìda aláwọ̀ ewé náà kò ní àléébù kankan tó yẹ kí a torí rẹ̀ bú u. Ọ́síìdì krómíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, irin líle bíi èyí tí kì í dípẹtà ló dára fún jù, ìparí iṣẹ́ ni wọ́n sì ń lò ó. Kò sí bí yóò ṣe nu ojú ọgbẹ́ sáńpépà 120 kúrò.

Èyí gan-an ni àléébù karùn-ún, èyí tí àbúrò kò kà mọ́ àwọn tó kù. Nígbà tí mo gbé ìdérí náà dàgẹ̀rẹ̀ sí fèrèsé, àwọn ìlà gígùn 120 wà nísàlẹ̀ dídán rẹ̀, wọ́n ń dán bí gbogbo ara tó kù ṣe ń dán. 400 ti yọ́ orí wọn, kò dé ìsàlẹ̀ wọn. Kẹ̀kẹ́ òwú sì ti wọ inú wọn, ó ti mú wọn dán dáadáa.

Ọwọ́ búréèkì àti òkúta

Ọwọ́ búréèkì wà nísàlẹ̀ páálí, ó tẹ̀, ojú kan lára rẹ̀ sì jin wọnú. Mo béèrè. "Ẹ̀rọ ló gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n. Ara ògiri ló ti bá a."

Òkè kẹ̀kẹ́ máa ń yí wá sọ́dọ̀ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, kó tó yí lọ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ àárín kẹ̀kẹ́ ni a máa ń fi irin kàn, kó lè jẹ́ pé tó bá gbà á lọ́wọ́ ẹni, ilẹ̀ ló máa sọ ọ́ sí. Etí irin tó mú kò gbọ́dọ̀ kọjú sí òwú tó ń bọ̀. Kí òwú máa gba orí irin kọjá, kó sì bọ́ kúrò ní etí rẹ̀. Ọwọ́ búréèkì tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọ́rọ́, ó ní orí rogodo lópin: kò sí nǹkan lára alùpùpù tí kẹ̀kẹ́ fẹ́ràn láti gbà ju ìyẹn lọ. Òkè àárín ló fi kàn án, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ aláṣọ. Inú mi bà jẹ́ sí ìbọ̀wọ́ yẹn ju ti ọwọ́ búréèkì lọ. Kẹ̀kẹ́ tó bá mú òwú ìbọ̀wọ́ kò ní mú un nìkan, yóò fa ìka tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá ẹ̀wù tó gùn, ẹ̀gbà ọrùn, irun tó gùn, àti àkísà tí èèyàn wé mọ́ irin nítorí pé ó gbóná.

Ó fẹ́ kí a tẹ ọwọ́ búréèkì náà padà sí ipò. Mo ní rárá. Alumíníọ̀mù tí wọ́n dà tó ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè ti là nínú láìhàn síta, ọjọ́ tí èèyàn bá sì fa búréèkì tagbáratagbára ni yóò kán. Wọ́n rà tuntun, wọn kò sì pọ́líìṣì rẹ̀.

Òkúta apá òsì ni ọ̀rọ̀ kejì. Lábẹ́ ẹ̀rọ náà, eruku aláwọ̀ eérú ti kó jọ pẹ̀lú ìyẹ́ òwú, alumíníọ̀mù àti ọ̀rá ìda ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó bá ń pọ́n irin lórí òkúta, iná á máa ta pàràpàrà sórí eruku kan náà. Eruku alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ lè gbiná, tó bá fò sókè nínú yàrá tó há, ó lè bú. Tó bá tún pò mọ́ ìpẹtà irin tó wá láti ara òkúta, àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń jó irin ojú ọ̀nà rélùwéè pọ̀ nìyẹn. Mo dúró tì í títí ó fi tú òkúta náà. Ó tiẹ̀ fẹ́ fọ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀ nítorí kò mọ̀ pé nọ́ọ̀tì apá òsì máa ń yí sódì: apá ọ̀tún ni wọ́n ń yí i sí láti tú u, kí yíyí ẹ̀rọ má baà tú u fúnra rẹ̀.

Ó béèrè bóyá òun lè fi òkúta yẹn gé etí alumíníọ̀mù kí òun tó tú u. Alumíníọ̀mù máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta lásán, ó ń dí ojú rẹ̀, òkúta á gbóná lọ́nà tí kò dọ́gba, ó sì lè fọ́ bó ṣe ń yí. Nítorí náà, rárá.

Lójú tèmi, ìbòjú tó bo gbogbo ojú àti ìbomú N95 ni owó yẹ kó kọ́kọ́ lọ sí, kí wọ́n tó ra kẹ̀kẹ́ kejì. Gbígbá eruku náà, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, kì í ṣe kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kọ̀m̀pùrésọ̀ fẹ́ ẹ. Garawa iyanrìn gbígbẹ sì wà lẹ́bàá tábìlì báyìí.

Ìtúnṣe

A fi oògùn tó ń bó ọ̀dà bo gbogbo ìdérí náà, títí kan ibi tó ti ń dán, nítorí ojú kò lè sọ ibi tí fáníìṣì parí sí. Fáníìṣì etí wú, ó bó. A fọ̀ ọ́, a sì gbé mítà padà sí i: ó dún níbi gbogbo. Síìlì rọ́bà inú rẹ̀ ti jáde kí oògùn tó kàn án, a fi téèpù bo ojú tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé. Ojú yẹn gbọ́dọ̀ tẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ, ìlà díẹ̀ níbẹ̀, òróró yóò máa jò.

Lẹ́yìn náà ni sáńpépà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. 240 ni a fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú omi tí a kán ọṣẹ sí, láti lé ìlà 120 àti ojú ṣágiṣàgi. Níbi tó tẹ́jú a wé sáńpépà mọ́ ègé rọ́bà kan; níbi tó rọ́, ìka. Lẹ́yìn 240, 320, lẹ́yìn rẹ̀ 400, 600, 800. Bí a bá ha 240 lóròó, a ó ha 320 níbùú, kó lè jẹ́ pé ìlà tó bá ṣì dúró lóròó, ti àná ni, iṣẹ́ kò tíì tán níbẹ̀. A ń fọ̀ ọ́ kí a tó gba èyí tó kàn, nítorí yanrìn 240 ẹyọ kan tó bá kù sílẹ̀ yóò ba iṣẹ́ 600 jẹ́. Àbúrò fẹ́ fo 320. Mo jẹ́ kó fò ó ní igun kan kó lè rí i, a sì padà sí igun yẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra kẹ̀kẹ́ sisal, èyí tí wọ́n fi okùn líle ṣe dípò òwú, kí wọ́n tó ra ohun mìíràn. Ó ń gé dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti fi sáńpépà gbé dé 800 kò nílò rẹ̀ mọ́, ó tún lè fa ìlà tuntun. Kẹ̀kẹ́ òwú méjì ni a lò, tuntun, 150 mm. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n rán yíká títí dé etí, tó le díẹ̀, pẹ̀lú ìda búráùn. Lórí rẹ̀, a ń ti irin lòdì sí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà lọ, ìyẹn ló ń gé. Èkejì rọ̀, àárín nìkan ni wọ́n rán, ìda funfun ló sì jẹ. Lórí ìyẹn, irin ń tẹ̀lé ọ̀nà kẹ̀kẹ́, láìtẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló ń mú àwọ̀ jáde. Láàárín méjèèjì a fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọ̀rá ìda búráùn kúrò. A gé ègé rọ́bà sínú àwọn ihò bọ́ọ̀tù kó dọ́gba pẹ̀lú ojú ìdérí, a sì ń yí ìdérí náà lọ́wọ́ láìdúró. Níkẹyìn, pàúdà àti aṣọ rírọ̀ gba ọ̀rá tó kù.

Ohun tí kò padà bọ̀ sípò wà. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó yọ síta lójú ìdérí náà, kẹ̀kẹ́ ti yí etí rẹ̀ po kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, lẹ́tà tó mú tẹ́lẹ̀ ti di bùlọ̀kùtù. Kò sí ohun tó lè dá irin padà sórí irin níbẹ̀. Àwọn ihò tín-ín-tín mélòó kan náà ṣì wà, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

Ìdérí náà dán. Síbẹ̀ àbúrò fi wé ọ̀pá alumíníọ̀mù kan tó wà lórí tábìlì, ó ní ti ọ̀pá mọ́ ju tirẹ̀ lọ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìda. Alumíníọ̀mù tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dì sábà máa ń ní sílíkọ́nì tó pọ̀ nínú, nǹkan bíi ìdá 7 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kó lè ṣàn dáadáa. Sílíkọ́nì náà le ju alumíníọ̀mù lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ eérú. Dídán ohun tí wọ́n dà máa ń ní eérú díẹ̀ lábẹ́. Àwọ̀ irin náà nìyẹn, kò sí iṣẹ́ tó kù lórí rẹ̀.

Ó béèrè bóyá kó fi fáníìṣì tuntun bò ó. Mi ò gbà á níyànjú: fáníìṣì kì í rí ibi dì mú lójú tó dán tó bẹ́ẹ̀, òkúta ojú ọ̀nà á fọ́ ọ, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, dúdú ni ibẹ̀ máa ń yọrí sí. Ìda mọ́tò ni mo ní kó máa fi nù ún, kó sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì. Ìda kanaúbà máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 82 sí 86 °C, ìdérí ẹ́ńjìnnì sì lè gbóná súnmọ́ ibẹ̀. Kó máa tún un fi. Kó má ṣe fi ọṣẹ líle tí wọ́n ń fi bó ọ̀rá ẹ́ńjìnnì fọ̀ ọ́, nítorí púpọ̀ nínú wọn ló ní ohun tó jọ kọ́sítíìkì nínú, wọn yóò sì sọ ọ́ di eérú kí omi tó gbẹ.

Ìdérí mágínẹ́ẹ̀tò, òun nìkan ló dá ṣe. Mítà ló kọ́kọ́ gbé, ó bá fáníìṣì yíká, ó bó o, 320 ló sì fi bẹ̀rẹ̀ nítorí kò sí àpá jíjìn lára rẹ̀. Ó dán ju ti kílọ́ọ̀ṣì lọ, lẹ́tà ara rẹ̀ ṣì mú. Ìdìmú fọ́ọ̀kì wà bó ṣe wà. Ìdérí magnesíọ̀mù kékeré yẹn, a fi páráímà bo ojú tí a ha fún fínígà, ó kun ún ní dúdú, ó sì dè é padà sórí ẹ́ńjìnnì.